Bàálù Ọwọ́ Bàbá Ọláìtán

Bàálù kékeré náà kọ̀, kò kúrò lọ́wọ́ òkú. Sájẹ́ǹtì Raheem fà á, ó rọra yí i sọ́tùn-ún sósì, ó tún fà á, ṣùgbọ́n àwọn ìka Bàbá Ọláìtán dì í mú gírígírí bí ẹni pé olè ló fẹ́ gbà á.

"Fi í sílẹ̀, Raheem," ni Ínsípẹ́kítọ̀ Zulaihat wí. "Má lọ ṣẹ́ bàbá lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kú tí wọn ò jù sílẹ̀, ó nídìí."

Igi ni bàálù náà, ọwọ́ bàbá fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ ẹ. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì ló ti ń tún bàálù ṣe ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, nígbà tó sì darúgbó sínú yàrá kan ní Igando, tí ojú rẹ̀ kò gbé irin mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbẹ́ wọn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Oníbàálù. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa.

Ìrọ̀rí tí wọ́n fi bò ó lẹ́nu bò ó nímú wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ẹni tó lò ó kò tilẹ̀ dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Zulaihat wo ìrọ̀rí náà, ó wo ojú bàbá, inú bí i débi pé ó ní láti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lè ronú. Arúgbó tí ikú ti ń rọra bọ̀ wá bá, kí ló ń lé ẹni náà léré tí kò fi lè dúró kí Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀?

Ó padà wọlé. Abọ́ ẹ̀wà méjì wà lórí tábìlì, wọ́n dé wọn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn fọ́tò àtijọ́ wà, gbogbo wọn jẹ́ fọ́tò ọkùnrin kan náà: Josiah Olúsànyà, ọ̀gá nínú àwọn tó ń fọn fèrè jáàsì, ẹni tó ti wọ bàálù lọ sí Kánò, lọ sí Àkírà, títí dé Lọ́ńdọ̀nù, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń na ọwọ́ sí i. Ó ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣeunfúnmi, tó ń gbé ní Egbeda, ló ń múra àfihàn ìrántí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ irú bàálù tí bàbá rẹ̀ dúró tì nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, àfi Bàbá Ọláìtán.

Bàbá ní bó ṣe ń ṣe é. Yóò wo ìyẹ́, yóò wo fèrèsé, yóò wo ìrù. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, yóò gbé èyí tó fi igi gbẹ́ sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀. Èyí tí ìrù rẹ̀ pín sí mẹ́ta wà lábẹ́ fọ́tò tirẹ̀. Èyí tí imú rẹ̀ wú bí ti erinmi náà wà lábẹ́ tirẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ òkú ńkọ́? Ìyẹ́ méjì, ẹ́ńjìnnì méjì, ìdí tó jókòó sílẹ̀, imú tó ń wòkè. Zulaihat wo orí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kò rí fọ́tò kankan tó jọ ọ́.

"Fọ́tò kan ti lọ," ó wí.

Ọ̀gá wọn ní àgọ́ kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ fọ́tò. Hamdalah, ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá kejì, ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá. Òun ló se ẹ̀wà náà. Òun ló rí òkú. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ náà tó ṣú, Hamdalah ti wà ní sẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá sì ti ní Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù, láti ibẹ̀ ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

*

Omi ọmú ti rin iwájú aṣọ Hamdalah gbingbin. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níta àgọ́, igbe rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé.

"Mi ò jẹ ẹ̀wà yẹn, ma," ó sọ fún Zulaihat. "Bàbá ló ní kí n se ti èèyàn méjì. Wọ́n lálejò ń bọ̀ wá kí wọn."

"Àlejò wo?"

"Wọ́n ní ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn ni. Wọn ò dárúkọ. Wọ́n kàn ní kí n se ẹ̀wà yẹn kó rọ̀ dáadáa, kí n dín ata ẹ̀ kó dúdú, bí ìyá ọmọ yẹn ṣe máa ń sè é fáwọn níbi iṣẹ́ láyé àtijọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ma. Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín báyẹn."

"Ìwọ ò rí àlejò náà?"

"Kò tíì dé tí mo fi gbé ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òjò ló dá mi dúró. Ìgbà tí mo máa fi dé..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Tí wọ́n bá gbé mi lọ, ta ló máa fún ọmọ mi lọ́mú? Kì í gba ike, ma. Ó ti kọ̀ ọ́ láti àná."

Zulaihat kò ṣèlérí kankan fún un. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti rí bí ìlérí ṣe máa ń rí lẹ́nu ẹni tí kò lè mú un ṣẹ. Ó kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá àgbà gbé ọmọ wọlé kó mumú.

"Ọ̀gá ní àlejò tẹ́nìkan ò rí, òun náà ló fẹnu ara ẹ̀ dá a," Raheem sọ nígbà tí wọ́n jáde.

"Òjò rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún, gbogbo èèyàn wà nínú ilé. Ta ló fẹ́ rí i?" Zulaihat dáhùn. "Wá ọ̀rẹ́ Bàbá Ọláìtán fún mi. Ọ̀rẹ́ tó bímọ."

*

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún bàbá láyé ní gbogbo Igando. Ọmọ ọ̀rẹ́ náà ń jẹ́ Táyéwò, kẹ̀kẹ́ ló ń wà, ó sì ti bá Bàbá Ọláìtán jà rí torí pé ó máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Raheem mú un dé, òógùn ti bò ó.

"Níbo lo wà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀?" Zulaihat bi í.

"Ilé ni mo wà, ma."

"Ìyàwó ẹ ní o ò sí nílé."

"Mo wà lójú ọ̀nà, mo ń ṣiṣẹ́."

"Nínú òjò yẹn? Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ ní àwọn ò rí ẹ ní gáréèjì."

Raheem wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó ti ń gbọ́ òórùn ẹran ní ìkòkò. Zulaihat náà rò pé ọwọ́ ti bà á. Kò ní parọ́ fún ara rẹ̀ lórí ìyẹn.

"Àgbàdo ni mo wà, ma," Táyéwò sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mo ní... mo ní ẹnìkan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, kí ìyàwó mi má gbọ́."

Wọ́n pe obìnrin náà. Wọ́n pe onílé rẹ̀. Òótọ́ ni, Àgbàdo ló wà, ó sì sùn síbẹ̀. Zulaihat tún bi í ní ìbéèrè kan kó tó lé e lọ.

"Ìyá ẹ ṣiṣẹ́ nílé bàálù rí?"

"Ìyá mi? Aránṣọ ni wọ́n, ma, ní Ìbàdàn. Oúnjẹ tiẹ̀ kọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n sè. Bàbá mi ló máa ń sè é jàre."

Bí wọ́n ṣe pàdánù ọ̀sán ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Igbe ọmọ Hamdalah kò dákẹ́.

*

Àwọn tó ń tọ́jú òkú ló rí bàálù náà gbà lọ́wọ́ bàbá. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Zulaihat gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀ Ṣeunfúnmi ní Egbeda.

"Fọ́tò wo ló ní irú èyí nínú?"

Ṣeunfúnmi, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, gbé bàálù náà lọ́wọ́, ó yí i padà. "Dakota nìyí. Fọ́tò tó ní in kì í ṣe tiwa. Ọ̀gbẹ́ni kan ló fi ránṣẹ́ sí mi, Charles ni wọ́n ń jẹ́, ará Egan. Wọ́n ní ọmọ dádì mi làwọn, àwọn ló sì dàgbà jù nínú wa."

Ó ṣí fóònù rẹ̀. Josiah Olúsànyà dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn bàálù, ó gbé àpótí fèrè dání. Ọmọge kan di apá rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ìyá àwọn nìyẹn," Ṣeunfúnmi wí. "Ẹbí pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. A wá fẹnu kò pé tí Bàbá Ọláìtán bá ti jẹ́rìí sí fọ́tò yìí, ó parí. Lọ́jọ́ àfihàn gan-an la máa pè wọ́n síta níwájú gbogbo èèyàn pé àkọ́bí Olúsànyà rèé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e fún Bàbá."

"Kí ni bàbá wí?"

"Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú. Wọ́n ní àwọn rí nǹkan lára ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò ní sọ ọ́ fún mi, ẹni tó ni ín làwọn máa kọ́kọ́ bi lójúkojú. Wọ́n gba nọ́ńbà Ọ̀gbẹ́ni Charles lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, 'Ṣeunfúnmi, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.'"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Zulaihat lára. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: wọn kì í tú ènìyàn síhòòhò lójú ọjà, inú yàrá ni wọ́n ń pè é sí, wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n á wá bá a sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ìwà tó dára ni. Òun ló sì pa bàbá.

Ó gbé bàálù igi náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Nínú fọ́tò, ara bàálù ga lọ sí apá ọ̀tún ẹni tó ń wò ó, ibẹ̀ ni imú rẹ̀ wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Zulaihat yí ti igi kí imú rẹ̀ lè kọjú sí ọ̀tún bí ti fọ́tò. Ilẹ̀kùn pòórá, ó bọ́ sí ẹ̀yìn. Ó yí i kí ilẹ̀kùn lè hàn. Imú kọjú sí òsì.

"Ilẹ̀kùn mélòó ló ní?"

"Ọ̀kan. Bàbá sọ fún mi pé àwọn Dakota tó ń fò níbí nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ òsì wọn nìkan ni èrò ń gbà wọlé."

"A jẹ́ pé wọ́n yí fọ́tò yìí sódì." Ṣùgbọ́n kò tíì parí gbólóhùn náà tí ojú rẹ̀ fi lọ sí ojú Josiah. "Bààmú dádì yín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ló wà?"

"Òsì. Ẹ wo gbogbo fọ́tò yòókù."

"Òsì náà ló wà níbí. Tí gbogbo fọ́tò bá yí sódì, bààmú náà yóò bọ́ sí ọ̀tún." Zulaihat gbé fóònù sílẹ̀. "Bàálù yí, ọkùnrin yìí kò yí. Wọ́n to èyí pọ̀ ni, Àǹtí. Ẹni tó ṣe é yí gbogbo fọ́tò sódì kó lè rí àyè fi obìnrin yìí sí. Ó wá rí i pé ilà ti bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òdì. Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀ pé a máa rí ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Ó sáré tún ojú ṣe. Ilà ojú ló mọ̀, kò mọ ti bàálù."

Ṣeunfúnmi dìde. "Charles ló pa wọ́n!"

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó parọ́ lè má pààyàn. Kò sí ẹ̀rí pé ó dé yàrá yẹn, ọ̀la sì ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kóòtù." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ pè é. Ẹ ní fọ́tò ti sọnù nílé bàbá, ti orí fóònù kò sì ní hàn dáadáa tí ẹ bá sọ ọ́ di ńlá. Kó mú èyí tó dára wá láàárọ̀ kùtù ọ̀la. Nípa ilẹ̀kùn, ẹ ò gbọ́dọ̀ la ẹnu yín fún ẹ̀dá alààyè kankan."

*

Ọ̀gbẹ́ni Charles ti lé lọ́gọ́ta ọdún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, aṣọ funfun rẹ̀ sì gún régé. Ó kí Ṣeunfúnmi kú ara fẹ́ra kù Bàbá Ọláìtán, ó jókòó sórí àga, ó rọra gbé àpò ìwé pẹlẹbẹ lé orúnkún. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọlọ́pàá ni Zulaihat, ó kàn mi orí.

"Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ọláìtán rí, sà?" Zulaihat bi í.

"Rárá o. Orúkọ wọn ni mò ń gbọ́."

"Wọn ò pè yín lórí fóònù?"

"Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kan. A kàn kí ara wa ni. Wọ́n ní kí n yà kí àwọn, àyè ò yọ. Ikú ò jẹ́ ká ríra."

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ fọ́tò?"

"Kíkí lásán ni, madam."

"Fọ́tò náà ńkọ́?"

Ó yọ ọ́ síta. Ó dán, ó tóbi. Zulaihat gbà á, ó gbé bàálù igi síwájú rẹ̀. Imú kọjú sí òsì. Ilẹ̀kùn wà níbi tó yẹ kó wà. Ohun gbogbo bára mu rẹ́gí.

"Èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni."

Ṣeunfúnmi gbé fóònù rẹ̀ tì í. Ọkùnrin náà wo méjèèjì.

"Fóònù máa ń yí fọ́tò sódì," ó wí.

"Tí fóònù bá yí i, á yí bààmú pẹ̀lú. Bààmú kò kúrò lójú kan nínú méjèèjì. Bàálù nìkan ló yí. Ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀kùn wà ní òdì?"

Charles gbé fóònù náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi mọ̀, àná sì ni mo mọ̀. Àǹtí yìí mọ̀, iwájú wọn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹnì kẹta tó mọ̀ wà ní mọ́ṣúárì. Ẹ sì ti fẹnu ara yín sọ pé ẹ ò sọ̀rọ̀ fọ́tò lórí fóònù. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, Ọ̀gbẹ́ni Charles?"

Nígbà tí Charles sọ̀rọ̀, àwọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń wò.

"Wọ́n gbé bàálù yẹn dání. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ka sí ilẹ̀kùn ẹ̀. Wọ́n ní, 'Charles, irọ́ ni fọ́tò yìí.' Madam, irọ́ yẹn làwọn èèyàn ti ń pè mí látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nílé ìwé, ọmọ tí ò ní bàbá. Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ìyàwó, wọ́n ní ta ni bàbá tó tẹ̀ lé mi wá. Mo ní kí Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní, 'Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.' Mi ò fẹ́ gbọ́ èyí tó kù. Ìrọ̀rí wà nítòsí."

Ṣeunfúnmi ń sunkún láìpariwo. Ó yẹ kí Zulaihat dìde, kó pe Raheem tó wà níta. Kò dìde. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì ń bẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ni ìyá yín ṣe?"

"Ìyá mi, Lucy? Oúnjẹ ni wọ́n ń tà, lẹ́nu ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú, kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀wà."

"Pẹ̀lú ata tí wọ́n dín dúdú."

Ó gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ rí oúnjẹ lórí tábìlì bàbá?"

"Abọ́ méjì. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ jẹun. Mo ní rárá, ká sọ̀rọ̀."

"Bàbá ló ní kí wọ́n sè é. Wọ́n sọ fún ọmọ tó sè é pé kó sè é bí ìyá àlejò àwọn ṣe máa ń sè é. Wọ́n ní ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn ló ń bọ̀." Ohùn Zulaihat lọlẹ̀. "Ọ̀rẹ́ wọn wo lẹ jẹ́ ọmọ fún, sà? Fọ́tò ni wọ́n pè ní irọ́. Wọn ò pe ẹ̀yin ní irọ́. Wọ́n mọ ìyá yín, wọ́n mọ ẹni tó máa ń tinú bàálù jáde wá bá a. Àwọn nìkan ló kù láyé tó lè dìde jẹ́rìí yín, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ parí nìyẹn."

Charles na ọwọ́ sí bàálù igi náà, àmọ́ kò fọwọ́ kàn án.

*

Zulaihat ti pe àgọ́ lójú ọ̀nà; nígbà tí wọ́n fi débẹ̀, wọ́n ti tú Hamdalah sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú, ó sì ń mu ún bí ẹni tó ń jà. Ọ̀gá wọn kò bẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Hamdalah rí Charles bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá. Ó wò ó dáadáa, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bo ojú ọmọ.

Nínú, Raheem tẹ́ bébà sórí tábìlì, ó mú bíírò.

"Orúkọ yín, sà?"

"Charles."

"Orúkọ bàbá yín?"

Ọkùnrin náà yíjú sí Ṣeunfúnmi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣeunfúnmi kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Charles yíjú sí Zulaihat.

"Olúsànyà," ó wí, ohùn rẹ̀ sì kéré bí ti ọmọdé tó ń dáhùn ní kíláàsì.

Raheem gbé bíírò sókè, ó ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Zulaihat wí. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti jẹ́rìí."